Òrùka DNA kékeré tó sọ oògùn àtọ̀sí di òtúbáńtẹ́

Ní ọdún 1976, àwọn dókítà ní Liverpool àti London, àti àwọn akẹgbẹ́ wọn ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í rí ohun kan náà láàárín oṣù díẹ̀ síra wọn. Ẹni tó ní àtọ̀sí á wá, wọ́n á gún un ní abẹ́rẹ́ penicillin tó ti ń wo àìsàn yìí sàn láti ìgbà Ogun Àgbáyé Kejì, àmọ́ ọyún ò ní dá. Kòkòrò Neisseria gonorrhoeae tó ń fa àtọ̀sí ti ní ẹ́ńsáìmù kan lọ́wọ́, ìyẹn irú èròjà tó ń ṣe iṣẹ́ kan pàtó nínú ohun alààyè, ẹ́ńsáìmù ọ̀hún sì ń fọ́ penicillin kó tó ráyè ṣe iṣẹ́ kankan. Nígbà tí wọ́n tọpa ibi tí àwọn aláìsàn ti kó o, ọ̀nà méjì ló yọjú. Àwọn kan nínú wọn ti Ìlà Oòrùn Éṣíà wá, pàápàá Philippines. Àwọn ti Liverpool ní í ṣe pẹ̀lú Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà.

Nígbà tí wọ́n wá tú inú kòkòrò náà wò, wọn ò bá jíìnì ẹ́ńsáìmù yìí, ìyẹn ìtọ́ni tí wọ́n fi ń ṣe é, lára kúrómósómù rẹ̀, DNA ńlá tí ọ̀pọ̀ jù lọ ìtọ́ni kòkòrò wà lórí rẹ̀. Orí òrùka DNA kékeré kan ni wọ́n ti bá a, èyí tó dá wà ní ẹ̀gbẹ́ kan nínú sẹ́ẹ̀lì. Irú òrùka bẹ́ẹ̀ là ń pè ní plásímíìdì. Ti Éṣíà gùn tó nǹkan bí lẹ́tà DNA 7,400. Tiwa níhìn-ín gùn tó nǹkan bí 5,600. Títí di òní, nínú ìwé àwọn onímọ̀ káàkiri ayé, "irú Éṣíà" àti "irú Áfíríkà" ni wọ́n ń pè wọ́n.

Nàìjíríà kò sì yọ sílẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún 1987, A. O. Osoba àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ gbé iṣẹ́ jáde lórí àwọn plásímíìdì tó wà nínú kòkòrò àtọ̀sí ní Nàìjíríà, àti bí oògùn spectinomycin ṣe ń ṣiṣẹ́ sí i, torí penicillin ti di ohun tí dókítà ò lè fọkàn tán mọ́ nígbà yẹn. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún báyìí. Ọ̀rọ̀ náà tún ti jí dìde lọ́nà mìíràn, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀ láti ìpìlẹ̀.

Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ṣírò pé ní ọdún 2020, àwọn tó kó àtọ̀sí láàárín ẹni ọdún 15 sí 49 kárí ayé jẹ́ mílíọ̀nù 82. Ceftriaxone, abẹ́rẹ́ tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀ sí Rocephin, ni oògùn tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ṣì gbẹ́kẹ̀ lé. Lẹ́yìn rẹ̀, ohun tó kù nínú àpò kò pọ̀. Lásìkò yìí gan-an ni àwọn orílẹ̀-èdè kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn èèyàn ní doxycycline kí wọ́n máa lò ó lẹ́yìn ìbálòpọ̀ láti dènà àìsàn. Ó dára fún ìdènà rẹ́kórẹ́kó (syphilis) àti kílámídíà (chlamydia), àìsàn ìbálòpọ̀ méjì mìíràn. Àmọ́ ó lè ran òrùka kékeré tí mò ń sọ yìí lọ́wọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òrùka náà kò ní nǹkankan ṣe pẹ̀lú doxycycline. A máa débẹ̀.

Kí n kọ́kọ́ sọ ohun kan tó ń dùn mí. Ní ilé wa, bí oògùn kò bá ṣiṣẹ́ mọ́, gbólóhùn tó máa ń jáde lẹ́nu ni pé "ara mi ti mọ oògùn yẹn." Torí náà, onítọ̀hún á yí oògùn padà, á sì gbà pé ọ̀rọ̀ ara òun nìkan ni. Ní ti àwọn kòkòrò bakitéríà, ara kọ́ ló mọ oògùn. Kòkòrò ló mọ̀ ọ́n, ìmọ̀ ọ̀hún sì wà ní kíkọ sínú DNA tí kòkòrò kan lè dà kọ kó sì fi ẹ̀dà rẹ̀ lé kòkòrò mìíràn lọ́wọ́. Ẹni tí kò mu capsule kan rí láyé rẹ̀ lè kó kòkòrò tó ti gbára dì láti ilé ẹlòmíràn. Ọ̀rọ̀ àdúgbò ni, ọ̀rọ̀ ìlú ni.

Ohun tó wà lára òrùka náà

Kúrómósómù bakitéríà tí a mọ̀ jù, Escherichia coli, gùn tó mílíọ̀nù mẹ́rin àti ààbọ̀ lẹ́tà DNA ó lé díẹ̀, jíìnì tó wà lórí rẹ̀ sì lé ní 4,000. Ohun tí kòkòrò fi ń jẹun, tó fi ń mọ ara rẹ̀, tó fi ń pín sí méjì, orí kúrómósómù yìí ló wà. Plásímíìdì jẹ́ àfikún. Joshua Lederberg, ará Amẹ́ríkà, ló fún un ní orúkọ yìí ní ọdún 1952. Àwọn plásímíìdì ńlá wà tó ju 100,000 lẹ́tà lọ, tí wọ́n ru jíìnì oríṣiríṣi, tí wọ́n sì ní gbogbo irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń kọjá láti inú kòkòrò kan sí òmíràn. Àwọn kéékèèké ni mo fẹ́ kí a wò, àwọn tí kò ju 10,000 lẹ́tà lọ. Wọn ò láàyè fún ohun tí kò wúlò.

Ẹ jẹ́ ká mú ColE1, plásímíìdì kan láti inú E. coli, ẹni ìtàn láàárín wọn. Lẹ́tà 6,646 ni gbogbo ara rẹ̀. Ibì kan wà lórí rẹ̀ tí ìdàkọ ti ń bẹ̀rẹ̀. Jíìnì kan wà tó ń ṣe májèlé tó ń pa àwọn E. coli mìíràn, jíìnì kejì sì ń dáàbò bo kòkòrò tó ni májèlé náà kó má baà pa ara rẹ̀. Àwọn jíìnì díẹ̀ wà fún ìrìn àjò. Ibi kékeré kan tó ń jẹ́ cer tún wà níbẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ sì ṣe pàtàkì: nígbà mìíràn òrùka méjì máa ń lẹ̀ pọ̀ di òrùka ńlá kan, ibẹ̀ sì ni àwọn ẹ́ńsáìmù kòkòrò náà ti ń gé wọn padà sí méjì. Bí wọn kò bá gé wọn, iye òrùka inú sẹ́ẹ̀lì á dín kù, àwọn ọmọ tó bá jáde lára rẹ̀ á sì máa pàdánù rẹ̀.

ColE1 kò ní jíìnì tó ń ba oògùn jẹ́. Ó yẹ ká rántí èyí. Plásímíìdì ti wà kí ọmọ aráyé tó mọ penicillin rárá. Ohun tí a ṣe ni pé a da oògùn sílẹ̀ káàkiri, àwọn òrùka tó bá sì ṣalábàápàdé jíìnì tó ń gba kòkòrò lọ́wọ́ oògùn ló wá ń gbilẹ̀.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nínú àtọ̀sí gan-an nìyẹn. Jíìnì tó wà lórí irú Áfíríkà àti irú Éṣíà ń ṣe ẹ́ńsáìmù kan tó ń jẹ́ TEM-1. Ọdún 1965 ni wọ́n ti kọ nípa rẹ̀, lára E. coli tí wọ́n gbà lọ́dọ̀ aláìsàn kan ní Gíríìsì. Orí ègé DNA kan tó lè fò kúrò níbì kan lọ bà sí ibòmíràn ló wà. Ègé yìí fò láti plásímíìdì dé plásímíìdì, láti irú kòkòrò kan dé òmíràn, títí ó fi bà sórí òrùka kékeré kan tó bá inú kòkòrò àtọ̀sí mu. Àwọn onímọ̀ gbà pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé láti ọ̀dọ̀ àwọn Haemophilus ni òrùka ọ̀hún ti wá, kòkòrò tí òun náà ń gbé ní ara èèyàn. Irú Áfíríkà jọ irú Éṣíà gidigidi. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn ni pé ègé bíi 1,800 lẹ́tà ti já kúrò lára tiwa. Kò dí i lọ́wọ́ rárá.

Àwọn tó bá ń lo Augmentin lè ti bi ara wọn léèrè ìdí tó fi jẹ́ oògùn méjì nínú ọ̀kan. Amoxicillin, ọmọ ìyá penicillin, ló ń pa kòkòrò. Èkejì tí ń jẹ́ clavulanic acid ló ń di àwọn ẹ́ńsáìmù irú TEM-1 lọ́wọ́ mú. Gbogbo owó tí à ń san lé Augmentin ju amoxicillin lásán lọ, lára ohun tí plásímíìdì ná wa ni.

Bó ṣe ń da ara rẹ̀ kọ

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti dùn jù lójú mi, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ọ́.

Fọ́nrán méjì tó lọ́ mọ́ra ni DNA òrùka náà. Kó tó lè di méjì, ohun kan gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbì kan pàtó, torí ẹ́ńsáìmù tó ń kọ DNA kì í bẹ̀rẹ̀ látinú òfìfo. Àfi kó rí orí ohun kan tó ti wà nílẹ̀ fà gùn. Plásímíìdì kékeré kò ní ẹ́ńsáìmù ìdàkọ tirẹ̀. Ti kòkòrò tó gbà á sílé ló ń lò. Ohun tó wà ní ìkáwọ́ òun fúnra rẹ̀ ni ìgbà tí iṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀, àti iye ìgbà.

Jun-ichi Tomizawa àti Tateo Itoh ló ṣí ojú wa sí bí ColE1 ṣe ń ṣe é, ní nǹkan bí ọdún 1980. Ní ibì kan tó fi lẹ́tà 555 jìnnà sí ibi ìbẹ̀rẹ̀ ìdàkọ, ẹ́ńsáìmù kan máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe RNA kan, ìyẹn fọ́nrán kan ṣoṣo tí wọ́n dà kọ láti ara DNA, tí wọ́n sọ ní RNA II. Bí RNA yìí ti ń jáde ló ń ká ara rẹ̀ sí oríṣiríṣi ọ̀nà. Bó bá ká ara rẹ̀ bó ṣe yẹ, ìparí rẹ̀ á rọ̀ mọ́ DNA níbi ìbẹ̀rẹ̀, kò ní kúrò níbẹ̀. Ẹ́ńsáìmù kejì, RNase H, á wá gé e níbẹ̀. Ojú ibi tó gé yẹn ni DNA polymerase I á dì mú, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ DNA tuntun. Lẹ́yìn tó bá ti kọ díẹ̀, ẹ́ńsáìmù ńlá tó ń kọ kúrómósómù á gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, á sì yí òrùka ká títí yóò fi parí. Òrùka kan ti di méjì.

Bí ìyẹn bá ń lọ láìdúró, òrùka á pọ̀ débi pé á pa kòkòrò tó ń gbé e. Kí ló wá ń dá a dúró? Láti ibi kan náà, lórí fọ́nrán kejì, RNA kékeré kan tún ń jáde ní ìdojúkọ ti àkọ́kọ́. RNA I ni orúkọ rẹ̀, lẹ́tà 108 péré ni. Nítorí pé fọ́nrán òdìkejì ló ti jáde, lẹ́tà rẹ̀ bá ìbẹ̀rẹ̀ RNA II mu wẹ́kú. Bó bá pàdé RNA II tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde, á lẹ̀ mọ́ ọn, RNA II kò sì ní lè ká ara rẹ̀ bó ṣe yẹ mọ́. Kò ní rọ̀ mọ́ DNA, kò ní sí ibi tí wọ́n á gé, ìdàkọ kò ní wáyé lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ wá wo bí èyí ṣe ń ka iye. Gbogbo òrùka tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì ló ń ṣe RNA I. Bí òrùka bá pọ̀, RNA I á pọ̀, ìdàkọ á sì máa kùnà lọ́pọ̀ ìgbà. Bí kòkòrò bá pín sí méjì, tí òrùka inú ọ̀kọ̀ọ̀kan sì dín kù, RNA I náà á dín, ìdàkọ á tún gbéra. Kò sí ẹ̀ṣọ́ kankan tó jókòó tó ń kà á, síbẹ̀ iye òrùka ColE1 máa ń dúró síbi bíi 15 sí 20. Purotéènì kékeré kan tó ń jẹ́ Rom, ìwọ̀n ásídì amínò 63, ń ran RNA méjèèjì lọ́wọ́ láti tètè lẹ̀ mọ́ra. Nígbà tí àwọn onímọ̀ yọ Rom kúrò, tí lẹ́tà kan ṣoṣo sì yí padà lára RNA II, iye òrùka fò sókè di ọgọ́rọ̀ọ̀rún nínú sẹ́ẹ̀lì kan. Àwọn plásímíìdì pUC tí gbogbo iyàrá àyẹ̀wò ní ayé ń lò lónìí, irú bẹ́ẹ̀ ni wọ́n. pUC19 kò ju lẹ́tà 2,686 lọ.

Ohun mìíràn tún ti ara RNA I jáde. Bí plásímíìdì méjì bá ní RNA I kan náà, wọn ò lè máa gbé pọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì kan fún ìgbà pípẹ́, torí ti ọ̀kan ń dá ti èkejì dúró, ó sì di dandan kí ọ̀kan sọnù. Àmọ́ bí lẹ́tà díẹ̀ bá yàtọ̀ lára RNA I wọn, wọ́n á jọ máa gbé láìsí ìjà. Ìdí nìyí tí a fi ń rí kòkòrò inú ìfun tó ní òrùka kékeré mẹ́ta mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà.

Staphylococcus aureus, tó ń fa eéwo àti egbò jíjẹrà, ní ọ̀nà tirẹ̀. Òrùka inú rẹ̀ tí wọ́n yẹ̀ wò jù ni pT181, tó gùn tó nǹkan bí lẹ́tà 4,400, tó sì ń gba kòkòrò náà lọ́wọ́ tetracycline. pC194, tí kò ju lẹ́tà 2,910 lọ, ń gbà á lọ́wọ́ chloramphenicol. Àwọn wọ̀nyí kì í lo RNA láti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní purotéènì tiwọn tó ń gé fọ́nrán kan ṣoṣo níbi ìbẹ̀rẹ̀, tó sì di orí ibi tó gé mú. Ìdí fọ́nrán tí wọ́n gé ni ẹ́ńsáìmù kòkòrò á máa fà gùn, á máa yí òrùka po, fọ́nrán àtijọ́ á sì máa tú kúrò bí tuntun ti ń gba àyè rẹ̀. Ní ìparí, fọ́nrán àtijọ́ náà á dì padà di òrùka alẹ́yọ-fọ́nrán, wọ́n á sì kọ ìdajì tó kù fún un lẹ́yìn náà. Ní ti pT181, purotéènì tó gé fọ́nrán kì í ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì: lẹ́yìn ìdàkọ kan ṣoṣo, ó ti parí nìyẹn. Nípa bẹ́ẹ̀, iye purotéènì tí òrùka bá ṣe ló ń pinnu iye ẹ̀dà.

Àwọn kan ti bi mí léèrè pé, nígbà tí plásímíìdì kékeré kò ní irinṣẹ́ tó ń pín in dọ́gba fún àwọn ọmọ, kí ló dé tí kì í sọnù? Iye ló gbà á sílẹ̀. Ká ní òrùka 20 wà nínú sẹ́ẹ̀lì tó fẹ́ pín, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ tó bá ṣe kòńgẹ́, ẹ̀ẹ̀kan nínú nǹkan bí ìgbà 524,000 ni ọmọ kan á jáde láìní ọ̀kankan. Ẹ fi í sọ́kàn nígbà tí ẹ bá gbọ́ pé ká kàn sinmi lílo oògùn kan fún ọdún díẹ̀, agbára rẹ̀ á padà. Nígbà mìíràn ó ń rí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ òrùka tí kì í tètè sọnù, tí kò sì wúwo jù fún kòkòrò láti gbé, lè dúró fún ọ̀pọ̀ ọdún. A kì í fi penicillin lásán wo àtọ̀sí mọ́ láti ìgbà pípẹ́, síbẹ̀ irú Áfíríkà àti irú Éṣíà ṣì wà nínú ayé.

Bó ṣe ń rìnrìn àjò

Lára òrùka kékeré, kò sí àyè fún ogún tàbí ọgbọ̀n jíìnì tí kòkòrò fi ń mọ afárá sí ara kòkòrò mìíràn. Plásímíìdì ńlá ló ní ìyẹn. Ohun tí kékeré ní ni ibi kékeré kan tí wọ́n ti lè gé fọ́nrán rẹ̀, àti purotéènì kan tó ń gé e tó sì ń fà á lọ sẹ́nu afárá. Ẹni tí kò ní mọ́tò ni, tó di ẹrù rẹ̀ dúró sẹ́bàá títì, tó mọ bí a ti ń wọlé sínú mọ́tò ẹlòmíràn. Bí plásímíìdì ńlá bá wà nínú kòkòrò náà, tó mọ afárá, kékeré á bá a lọ.

Nínú kòkòrò àtọ̀sí, a mọ mọ́tò náà. pConj ló ń jẹ́, òrùka ńlá kan tó gùn tó nǹkan bí lẹ́tà 40,000. Ní àárín ọdún 1980 sí 1990, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rí pConj tó ti gba jíìnì kan sára, tetM, èyí tó ń gba kòkòrò lọ́wọ́ tetracycline àti doxycycline.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ doxycycline tí mo sọ níbẹ̀rẹ̀ ti wọlé. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, CDC, àjọ tó ń rí sí ìdènà àìsàn ní Amẹ́ríkà, gbé ìlànà jáde pé kí àwọn ọkùnrin tó ń bá ọkùnrin lò pọ̀ àti àwọn obìnrin tí wọ́n bí ní ọkùnrin, tí wọ́n ti ní àìsàn ìbálòpọ̀ láàárín ọdún kan sẹ́yìn, bá dókítà wọn sọ̀rọ̀ nípa mímu doxycycline 200 mg láàárín wákàtí 72 lẹ́yìn ìbálòpọ̀. Ìwádìí fi hàn pé ó ń dín rẹ́kórẹ́kó àti kílámídíà kù gidigidi. Mi ò lòdì sí i. Ẹni tí ewu rẹ́kórẹ́kó wà nítòsí rẹ̀ yẹ kó rí ohun tó máa dáàbò bò ó. Àmọ́ ẹ ro ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú kòkòrò àtọ̀sí tó bá wà lára irú ẹni bẹ́ẹ̀. Doxycycline á pa àwọn tí kò ní tetM. Àwọn tó ní pConj pẹ̀lú tetM á ṣẹ́ kù, wọ́n á sì pọ̀. Bí pConj bá sì ti pọ̀, ọ̀nà ti là fún òrùka kékeré tó ru TEM láti dé inú kòkòrò tí kò tíì dé tẹ́lẹ̀.

Ṣé TEM-1 lè ba ceftriaxone jẹ́? Rárá, agbára rẹ̀ kò dé ibẹ̀. Àtọ̀sí tí ceftriaxone kò ràn tí wọ́n ti rí ní Japan, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní àwọn ibòmíràn, ìyípadà lára jíìnì kan tó wà lórí kúrómósómù, penA, ló fà á. Ohun tó ń ba àwọn onímọ̀ lẹ́rù ni pé lórí àwọn òrùka kékeré kan, TEM-1 ti yí padà di TEM-135. Ásídì amínò kan ṣoṣo ni wọ́n fi yàtọ̀, ní ipò 182. Ìyípadà yẹn ń mú kí ẹ́ńsáìmù náà le koko, irú rẹ̀ gan-an sì ni à ń bá lára ọ̀pọ̀ ẹ́ńsáìmù TEM tó ń fọ́ ceftriaxone nínú E. coli. Ìgbésẹ̀ tó kù kò gùn. Bí kòkòrò àtọ̀sí bá gbé e lórí òrùka tó ń ṣe ẹ̀dà ara rẹ̀ tó sì ń wọ mọ́tò pConj kiri, kò ní pẹ́ kó tó tàn.

Kò sí ẹni tó lè sọ pé ọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà nìkan lèyí. Ní etíkun Kenya, ìwádìí lórí DNA kòkòrò àtọ̀sí fi hàn pé pConj pẹ̀lú tetM àti òrùka kékeré náà wọ́pọ̀ gan-an níbẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ń pín doxycycline fún ìdènà. Tetracycline ti wà ní àwùjọ wa fún ìgbà pípẹ́. Ní kẹ́mísì àdúgbò àti ní ọwọ́ àwọn tó ń gbé oògùn kiri nínú ọkọ̀, capsule pupa àti yẹ́lò yẹn kò ṣòro rí. Àwọn kan ń tú u sórí egbò. Àwọn kan ń lo méjì péré nígbà tí inú bá ń run wọ́n, wọ́n á sì tọ́jú ìyókù. Ohun tí wọ́n ń ṣe láìmọ̀ ni pé wọ́n ń fọ àwọn kòkòrò tó rọ̀ kúrò, wọ́n sì ń fi àyè sílẹ̀ fún àwọn tó ti di ihámọ́ra.

Àtọ̀sí nìkan kọ́ ni òrùka kékeré ti ń ṣọṣẹ́. Àwọn òrùka ìdílé ColE1 tí kò ju bíi lẹ́tà 2,700 sí 3,000 lọ ti ru jíìnì kan, qnrB19, tó ń dín agbára ciprofloxacin kù, a sì ti rí i nínú Salmonella láti oko adìẹ ní Nàìjíríà. Òrùka tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ kò ní ju jíìnì náà àti ibi ìdàkọ lọ. Àwọn ẹ̀rọ tó ń ka DNA ní ègé gígùn tilẹ̀ máa ń fojú fo irú rẹ̀ dá, torí pé nígbà tí a bá ń ṣa ègé gígùn jọ, àwọn kéékèèké máa ń bọ́ sọnù.

Ọgbọ́n kan náà ni àwọn onímọ̀ ti yí sí rere, kò sì yẹ kí n gbójú fo ìyẹn. Ní ọdún 1977, wọ́n kó ibi ìdàkọ ìdílé ColE1 àti jíìnì tó ń fọ́ penicillin pọ̀ sórí òrùka kan, pBR322, lẹ́tà 4,361. Orí irú òrùka bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti gbé jíìnì ínsúlínì èèyàn wọ inú E. coli ní 1978, tí ínsúlínì ọ̀hún sì dé ọjà ní 1982. Àwọn abẹ́rẹ́ àjẹsára mRNA tí a gbà nígbà Kòrónà, orí plásímíìdì ni wọ́n ti da mRNA wọn kọ.

Ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀ nílé

Ìṣirò tí wọ́n tẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn Lancet ní 2022 sọ pé ní ọdún 2019, àwọn bakitéríà tí oògùn kò ràn pa mílíọ̀nù 1.27 èèyàn ní tààràtà kárí ayé. Nàìjíríà ní ètò orílẹ̀-èdè lórí ọ̀rọ̀ yìí láti 2017, òun ló sì gbà láti gbàlejò ìpàdé àwọn mínísítà àgbáyé lórí rẹ̀ ní Àbújá ní ọdún 2026. Ní Yunifásítì Ìbàdàn, ẹgbẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Iruka Okeke ń ka DNA àwọn kòkòrò tó ń wá láti ọsibítù, pẹ̀lú àwọn plásímíìdì inú wọn. A ní àwọn tó mọ iṣẹ́ náà. Ohun tí wọ́n nílò ni kòkòrò láti yẹ̀ wò, ibẹ̀ sì ni àtọ̀sí ti ń bọ́ lọ́wọ́ wa.

Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn, bí ọkùnrin bá wá pẹ̀lú ọyún lójú ara, wọ́n á wo àmì àìsàn, wọ́n á sì fún un ní oògùn. Kò sí ẹni tó gbin kòkòrò náà láti wò ó. Ó yé mi. Owó kò tó, aláìsàn kò sì fẹ́ dúró. Ọ̀pọ̀ obìnrin tó ní i kì í rí àmì kankan títí á fi wọ ilé ọmọ, tí á fa àìrọ́mọbí, tàbí títí ọmọ tuntun á fi jáde pẹ̀lú ojú tó kún fún ọyún. Bí wọn ò bá yẹ̀ ẹ́ wò, kò sí bí ẹnikẹ́ni ṣe máa mọ̀ bóyá TEM-135 ti wọ̀lú.

Àyẹ̀wò ìgbàlódé tó ń wá DNA àtọ̀sí nínú ìtọ̀ yára, àmọ́ kì í sọ oògùn tó máa ràn án. Gbígbin kòkòrò náà ló ń sọ ọ́, kòkòrò ọ̀hún sì jẹ́ alákẹ́jù: kì í pẹ́ kú bó bá ti kúrò lára èèyàn, ó fẹ́ oúnjẹ tí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n mú gbóná sè, ó sì fẹ́ afẹ́fẹ́ tí carbon dioxide pọ̀ nínú rẹ̀. Tó bá jẹ́ èmi ni wọ́n ní kí n sọ ohun tí owó ìpàdé Àbújá yẹ kó kọ́kọ́ rà, màá ní kí ọsibítù ìjọba kan ó kéré tán ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ohun èlò yẹn àti iná mànàmáná tí kì í lọ, kí wọ́n sì máa fi àwọn kòkòrò tí wọ́n bá gbìn ránṣẹ́ síbi tí wọ́n ti lè ka DNA wọn. Ní ti ẹni tó ń ka èyí: bí ẹ bá ní àtọ̀sí, ẹ má ra capsule ní kẹ́mísì. Ẹ lọ gba abẹ́rẹ́ tó yẹ ní ilé ìwòsàn, kí ẹnìkejì yín náà gbà á, kí ẹ sì padà lọ ṣe àyẹ̀wò bí ọyún kò bá dá lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀.